Òfin Ìwọlé Ẹgbẹ́ fún Eré Ìtàn Orí Tábìlì: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ láti Kàbà

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí ẹ̀dá-ìtàn tí eléré kan ń gbé lè wọ ẹgbẹ́ nínú ayé eré, kí ó gòkè níbẹ̀, kí ẹgbẹ́ náà sì máa ní ohun tí yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tábìlì tí a ṣe é fún wà ní Kàbà: eléré mẹ́rin, adarí eré kan, ìjókòó ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ irú eré yìí: adarí eré ló ń sọ bí ayé ṣe rí àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, eléré kọ̀ọ̀kan a sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ fẹ́ ṣe, níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sì dájú, dáìsì ni yóò yanjú rẹ̀.

Eré tó wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni Dungeons & Dragons (D&D) ẹ̀dà karùn-ún, èyí tó jáde ní 2014. Kò pọn dandan kí ènìyàn ra ìwé. Àwọn tó ni eré náà ti gbé òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní January 2023 wọ́n fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, tí ó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè tún un kọ, kí ó pín in, kódà kí ó tà á, bí ó bá ti dárúkọ ibi tó ti mú un. Òfin ẹgbẹ́ kò sí nínú ẹ̀dà ọ̀fẹ́ yẹn. Ohun tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀ ni ẹ̀dá-ìtàn tó ti sìn nílé òrìṣà rí, tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ máa ń gbà sílé tí wọ́n sì ń tọ́jú. Ìyókù, ọwọ́ ara ẹni la ó fi kọ ọ́.

Òfin òkìkí ti 2014, àti ibi tó ti ń jò

Ìwé tí wọ́n kọ fún adarí eré ní 2014 ní òfin kan fún ẹgbẹ́, ó sì dá lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo. Òkìkí la ó máa pè é níbí. Ẹ̀dá-ìtàn tó bá ṣe ohun tó gbé ìfẹ́ ẹgbẹ́ lárugẹ gba 1. Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ ló dìídì rán an níṣẹ́, tó sì jẹ́ ẹ, ó gba 2. Àtẹ̀gùn márùn-ún ló wà: 1, 3, 10, 25, 50. Ẹni tó bá fẹ́ fi àkókò àárín ìrìn-àjò méjì sin ẹgbẹ́ lè rí 1 gbà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí yóò fi sìn ín jẹ́ òkìkí tó ní báyìí lọ́nà mẹ́wàá. Ẹni tó ní 8 yóò sìn fún ọjọ́ 80.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fún tábìlì ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí ẹgbẹ́ bá rán ẹ̀dá-ìtàn níṣẹ́ ní gbogbo ìjókòó, tí kò sì tàsé lẹ́ẹ̀kan, ìjókòó 25 ni yóò fi dé 50, ọ̀sẹ̀ 50 nìyẹn. Bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ bá ń wá ní ìjókòó méjì lẹ́ẹ̀kan, ó di ọdún méjì kí ó dín díẹ̀. Kò sí tábìlì kan ní gbogbo ilẹ̀ Òkun tí ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìdánwò àti iṣẹ́ oko kò ní tú ká láàárín ọdún méjì. Ipò kẹrin àti ìkarùn-ún wà nínú ìwé fún ojú lásán.

Èyí kò ṣòro láti tún ṣe, a ó dín nọ́ńbà kù ni. Ibi tó ń jò gan-an ni pé òkìkí ń lọ sókè, ẹgbẹ́ kò sì béèrè nǹkan kan àfi ọjọ́ tí adarí eré bá rántí. Eléré á wọ ẹgbẹ́, á gba orúkọ, á gba ẹ̀dínwó lọ́jà, ó parí. Ẹgbẹ́ tí kò lè pe ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn kì í ṣe ẹgbẹ́, ṣọ́ọ̀bù ni.

Jíjò kan tún wà: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti pé ló gba ipò, bí ẹni pé ipò ò lópin. Ní ẹkùn tiwa, ohun tí ojú wa ń rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Oyè Kàbà wà ní ìpele-ìpele, Ọbaro, Ọbadòfin àti Ọbajẹmu sì wà lókè. Owó ènìyàn lè pọ̀, iṣẹ́ rere rẹ̀ lè kún ìlú, bí àga kò bá ṣófo, tí kò sì kan ìdílé rẹ̀, yóò jókòó síbi tó wà. Ètò yẹn la gbé wọ inú eré: nọ́ńbà á sọ ẹni tó tó, àga tó ṣófo á sọ ẹni tó gbà. A kò gbé orúkọ oyè kankan wọ inú rẹ̀, a kò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé e. Àwọn tó ń jẹ oyè náà wà láàyè, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹnìkan ní tábìlì rẹ sì lè wà lára wọn.

Ohun èlò

Páálí A4 méjì. Tí a bá gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, páálí ẹgbẹ́ mẹ́rin la ní. Dáìsì lúdò méjì. Òwú ìránṣọ àwọ̀ mẹ́rin. Ìwé ẹksasáìs kan fún adarí eré. Sẹ́lótéèpù fífẹ̀ láti fi bo ojú páálí, nítorí ọyẹ́ máa ń ká a kò, òógùn ọwọ́ sì máa ń pa báírò rẹ́.

Dáìsì ojú ogún tí eré náà fúnra rẹ̀ ń lò kì í ṣe ohun tí à ń rí lórí igbá lọ́jà. Ẹni tí kò bá ní i lè lo ti orí fóònù, tàbí kí ó kọ 1 sí 20 sínú ìdérí ìgò ogún, kí ó kó wọn sínú àpò, kí ó máa fà wọ́n yọ. Èyí tí a bá fà gbọ́dọ̀ padà sínú àpò kí a tó fa òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́yìn ìdérí mẹ́wàá, àwọn eléré á ti mọ ohun tó kù. Òfin ẹgbẹ́ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀ ṣá. Dáìsì lúdò la kọ gbogbo rẹ̀ fún, torí pé kò sílé tí kò sí. Ẹ dán dáìsì náà wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e: ẹ jù ú nígbà 60. Ojú kọ̀ọ̀kan yẹ kó yọ ní nǹkan bíi 10. Bí ojú kan bá yọ ju 17 lọ, ẹ dá a padà fún àwọn ọmọdé.

Òwú la fi ń ṣe àmì ipò. A ó lu ihò kan sí igun ìwé ẹ̀dá-ìtàn, a ó so òwú mọ́ ọn. Àwọ̀ ń sọ ẹgbẹ́, iye kókó tó wà lára rẹ̀ ń sọ ipò. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ òfin wa fi àwọ̀ nìkan ṣe méjèèjì, dúdú fún ipò kan, aró fún èkejì. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, tó ku iná fóònù, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Kókó kì í tàn wá, ọwọ́ lásán lè kà á. Pupa kò sí lára àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ìpò jẹ́ ti ìsìnkú olóyè àti ti eégún. Ọmọ Bùnú tó bá jókòó sí tábìlì yóò ka òwú pupa sí ohun tí òfin wa kò sọ.

Páálí ẹgbẹ́

Ẹgbẹ́ mẹ́rin la kọ: àwọn ọdẹ ojú ọ̀nà, àwọn ahunṣọ, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, àti awo kan tó ń pa àṣírí mọ́. Páálí kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ẹgbẹ́ ń fẹ́, ohun tí wọ́n kórìíra, ọ̀nà ìwọlé, àǹfààní ipò mẹ́ta, àti ìpè mẹ́ta, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lè pe ọmọ rẹ̀ wá ṣe, tí dáìsì yóò yan ọ̀kan nínú wọn. Ìlà kan kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 15 lọ. Páálí tó kún fún ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ́ dùn ún kọ, ṣùgbọ́n adarí eré kò ní kà á láàárín ìjókòó, ìwọ̀nba tí ojú lè gbá mú lẹ́ẹ̀kan ni yóò lò.

Ti àwọn ọdẹ nìyí:

Wọ́n ń fẹ́: kí ọ̀nà láàárín òkè àti odò là tọ̀sán-tòru.
Wọ́n kórìíra: ẹni tó fi ẹlẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbó.
Ìwọlé: ìṣọ́ òru kan ní ibùdó, láìsùn, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́.
Ipò 1: ibi ìsùn tí ewu kò sí nínú igbó, fún ènìyàn mẹ́fà.
Ipò 2: ọdẹ méjì tí yóò sìn yín dé ibi kan. Wọn kò ní gbèjà yín.
Ipò 3: kí ọ̀nà kan dí, tàbí kí ó là, fún ọjọ́ mẹ́ta.
Ìpè: 1–2, ọmọ ẹgbẹ́ kan kò padà wálé. 3–4, ẹ dí ọ̀nà kan lóru òní. 5–6, ẹnìkan ń ta ẹran tí kò pa.

Ẹ wo ìlà ìfẹ́ àti ìlà ìpè kejì. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí ọ̀nà là tún ń pàṣẹ pé kí a dí i. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Páálí tí ohun gbogbo inú rẹ̀ bára mu kò ní ohun tí eléré lè bá àgbà ẹgbẹ́ jiyàn lé.

Ìwọlé

Ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní onígbọ̀wọ́ tó ti wà nínú ẹgbẹ́, kí ó ṣe ohun tó wà ní ìlà ìwọlé níwájú wa lórí tábìlì, lẹ́yìn náà kí ó ju dáìsì méjì. Àròpọ̀ 10 sókè: wọ́n gbà á, iyì rẹ̀ (nọ́ńbà tiwa tó rọ́pò òkìkí) bẹ̀rẹ̀ láti 2, a ta kókó kan. 7 sí 9: wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n pẹ̀lú májẹ̀mú kan tí adarí eré yóò kọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. 6 wálẹ̀: wọn kò lé e, wọ́n fún un ní iṣẹ́ kejì tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì kan ẹnìkan tó fẹ́ràn. Kò sí àbájáde tó ń ti ilẹ̀kùn pa. Eléré tó ti pinnu láti wọ ẹgbẹ́, tí dáìsì sì sọ fún un pé rárá, kò ní nǹkan míràn tí yóò ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tí à ń fi kún àròpọ̀ dáìsì ló gba àtúnṣe. Ẹni tó bá mọ D&D yóò fẹ́ fi Charisma kún un, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀dá-ìtàn ṣe lè fa ènìyàn mọ́ra, torí òun ni eré náà ń lò fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Lórí dáìsì ojú ogún, +3 kì í ṣe nǹkan ńlá. Lórí dáìsì lúdò méjì, òkè ńlá ni. Ẹ̀dá-ìtàn tó ní +3 yóò rí 10 sókè ní 58 nínú 100, 6 wálẹ̀ ní 8 péré. Ẹni tó ní −1, ìdàkejì rẹ̀ gan-an: 8 fún òkè, 58 fún ìsàlẹ̀. Akọrin á wọ gbogbo ẹgbẹ́ bí ẹni wọ ilé ìyá rẹ̀, jagunjagun á máa ṣe iṣẹ́ kejì títí láé, àní nínú ẹgbẹ́ ọdẹ tí kò nílò ẹlẹ́nu dídùn.

A yọ Charisma. Ohun mẹ́ta ló lè fi +1 kún un báyìí: onígbọ̀wọ́ tó wà ní ipò 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀bùn tó bá ìlà ìfẹ́ ẹgbẹ́ mu, àti iṣẹ́ kan tí ọmọ ẹgbẹ́ fojú ara rẹ̀ rí. Àròpọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju +2 lọ. Ẹni tí kò ní ìkankan: 17 nínú 100 fún 10 sókè, 42 fún àárín, 42 fún ìsàlẹ̀. Pẹ̀lú +1: 28, 44, 28. Pẹ̀lú +2: 42, 42, 17. Ẹni tó múra sílẹ̀ ń jèrè rẹ̀, ẹni tí kò múra kò ṣègbé.

Onígbọ̀wọ́ kì í ṣe orúkọ lásán. Bí ẹni tó mú wọlé bá ṣe ohun tó wà ní ìlà ìkórìíra kí ó tó dé ipò 2, onígbọ̀wọ́ pàdánù iyì 1, yóò sì wá béèrè ìdí. Tí onígbọ̀wọ́ bá jẹ́ ẹ̀dá-ìtàn eléré míràn ní tábìlì kan náà, ìjà wọn dára ju ti ẹranko inú ihò lọ.

Iyì àti àga

Ipò 1 ń béèrè iyì 2, ipò 2 ń béèrè 6, ipò 3 ń béèrè 12. Jíjẹ́ ìpè ń mú 2 wá. Ohunkóhun míràn tó gbé ìlà ìfẹ́ lárugẹ ń mú 1 wá, ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìjókòó kan. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀dá-ìtàn tó bá ń gbìyànjú yóò ní 6 kí sáà kan tó parí, ìjókòó mẹ́fà sì ni sáà kan. Yóò dé 12 ní nǹkan bíi ìparí sáà kejì.

Ṣùgbọ́n iyì ń sọ ọ́ di ẹni tó tó ni, kò sọ ọ́ di olóyè. Ipò 2 ní àga mẹ́fà, ipò 3 ní mẹ́ta, ènìyàn sì ti jókòó sórí gbogbo wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Adarí eré yóò kọ orúkọ àwọn mẹ́ta òkè sẹ́yìn páálí, pẹ̀lú ohun kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Ti àwọn mẹ́fà, ó lè máa kọ wọ́n bí wọ́n bá ṣe ń yọjú. Ní ìparí sáà, a ó ju dáìsì kan fún àga òkè kọ̀ọ̀kan. 1, àga náà ṣófo: ọjọ́ ogbó, àìsàn, ìrìn-àjò, ẹ̀tẹ́, ohun tó bá bá ìtàn mu. Fún àga mẹ́ta, àǹfààní pé ọ̀kan ó kéré tán yóò ṣófo ní sáà kan jẹ́ 42 nínú 100. Fún ipò 2, dáìsì kan ṣoṣo fún gbogbo àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 1 sí 4, ọ̀kan ṣófo.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ níbí kò yani lẹ́nu: eléré tó ti ní iyì 12, tó rí i pé àga kò ṣófo, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọrùn ẹni tó jókòó síbẹ̀. Bí òfin kò bá sọ nǹkan kan, pípa olóyè ni ọ̀nà tó yá jù. Àtúnṣe: àga ẹni tí wọ́n pa kì í kún ní sáà tí wọ́n pa á, ẹni tí iyì rẹ̀ ti pé fún àga náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi léèrè. Láti ìgbà tí òfin yìí ti wọlé, àwọn eléré ń bá àwọn alága jẹun, wọ́n ń gba ẹjọ́ wọn rò, wọ́n ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá. Ìtẹ̀síwájú ni.

Iyì lè wálẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀ kúrò níbi tí ipò ń béèrè, a kò tú kókó, a kàn ti àǹfààní ipò yẹn pa títí iyì yóò fi padà. Tí a bá ní kí ipò máa bá iyì lọ sókè-sódò, ìwé ẹ̀dá-ìtàn á fà ya níbi tí wọ́n ń pa á rẹ́.

Ìpè

Ibí ni gbogbo ètò náà dúró lé, ibẹ̀ náà la sì ti tún nǹkan ṣe jù.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́: ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó, dáìsì kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ ní tábìlì, 1 tàbí 2, ẹgbẹ́ náà pè. Tí eléré mẹ́rin bá wà ní ẹgbẹ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àǹfààní pé ẹgbẹ́ kan ó kéré tán yóò pè jẹ́ 80 nínú 100, kò burú. Àmọ́ àǹfààní pé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ yóò pè pa pọ̀ jẹ́ 41. Ìtàn tí adarí eré ti múra rẹ̀ á wà nílẹ̀, iṣẹ́ kéékèèké á jẹ gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ báyìí: páálí àwọn ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ní tábìlì wà lórí ara wọn. Dáìsì kan fún gbogbo tábìlì. 1 tàbí 2, kò sí ìpè. 3, 4 tàbí 5, páálí tó wà lókè pè, ó sì lọ sí ìsàlẹ̀. 6, páálí méjì òkè pè lẹ́ẹ̀kan náà, ìpè méjèèjì sì gbọ́dọ̀ takora. Ìdìpọ̀ páálí ló ń rí i pé ẹgbẹ́ kan kò pe ọmọ rẹ̀ láìdákẹ́ nígbà tí òmíràn sùn lọ. Pẹ̀lú páálí mẹ́rin, ìpè máa ń kan ẹgbẹ́ kan ní nǹkan bí ìjókòó márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú méjì, ìjókòó méjì-ààbọ̀. Ẹ má jẹ́ kí páálí ju mẹ́rin lọ, ìpè á jìnnà débi pé eléré á gbàgbé pé òun wà nínú ẹgbẹ́.

Ìparí ìjókòó ni kí ẹ ju dáìsì yìí, fún ìjókòó tó ń bọ̀. Adarí eré á ní ọ̀sẹ̀ méjì láti wá ibi tí yóò fi ìpè náà sí. Ojú ọ̀nà ìtàn tó wà nílẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ̀dá-ìtàn méjì ó kéré tán lè jẹ́ ẹ, kí ó má sì ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ìpè tó ń mú ẹnìkan lọ sí ìlú míràn nígbà tí àwọn mẹ́ta jókòó sílẹ̀ tí wọ́n ń tẹ fóònù ló ń pa òfin ẹgbẹ́ ní ọ̀pọ̀ tábìlì. Kì í ṣe ìṣirò.

Ẹni tí wọ́n pè lè jẹ́ ẹ: iyì 2. Ó lè rán ẹlòmíràn: iyì 1, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹni tó rán ní gbèsè oore kan, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹksasáìs. Ó lè sún un sí ìjókòó tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó lè kọ̀ ọ́: iyì dín 1. Kíkọ̀ kejì léraléra, dín 2, àǹfààní gbogbo sì di títìpa títí yóò fi jẹ́ ìpè kan. Kíkọ̀ kẹta, wọ́n ránṣẹ́ pè é wá sọ tẹnu rẹ̀.

Owó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: owó wúrà 10 fún ipò kọ̀ọ̀kan, ìpè parí. Ó dára nígbà tí agbára ẹ̀dá-ìtàn ṣì wà ní ìpele kìíní àti ìkejì. Kí wọ́n tó dé ìpele karùn-ún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún owó wúrà ti wà lápò wọn, kò sì sẹ́ni tó ń jẹ́ ìpè mọ́, wọ́n ń san án bí owó lẹ́tíríìkì. A yọ owó kúrò pátápátá. Ènìyàn nìkan ni a lè rán.

Bí 6 ṣe ń rí nìyí. Ẹ̀dá-ìtàn kan wà nínú ẹgbẹ́ ọdẹ, òmíràn nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀. Àwọn ọdẹ ní kí wọ́n dí ọ̀nà àpáta lóru, àwọn ọlọ́kọ̀ ní ẹrù iyọ̀ tó gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Adarí eré fi ohùn àgbà ọdẹ sọ̀rọ̀:

«Ọ̀kun o, ọmọ mi. Láti òru òní, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba ọ̀nà àpáta. Ìwọ ni kí o dúró síbẹ̀.»

«Bàbá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹrù iyọ̀ àwọn ará odò ń bọ̀ lọ́nà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló kó o.»

«Mo gbọ́. Mo ní ẹnikẹ́ni.»

Ó tó bẹ́ẹ̀. Kí adarí eré dákẹ́, kí ó jẹ́ kí àwọn méjèèjì wo ara wọn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìdí tí àwọn ọdẹ fi dí ọ̀nà, wọn yóò fi àlàyé náà wá ibi tí wọ́n lè gbà sá fún un.

Àǹfààní

Àǹfààní ipò 1 ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, àfi bí kíkọ̀ ìpè tàbí iyì tó wálẹ̀ bá tì í. Ti ipò 2 àti 3, tí a bá lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tì. Jíjẹ́ ìpè nìkan ló ń ṣí i padà, ìbáà jẹ́ pé ẹlòmíràn la rán. Ìlà kan yìí ló so ohun tí ẹgbẹ́ ń fúnni mọ́ ohun tí wọ́n ń gbà. Láìsí i, gbogbo ìyókù kò wúlò.

Àǹfààní kò gbọdọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tí a fi kún ìjà. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń fúnni ní +1 lórí ohun ìjà, eléré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wọ ẹgbẹ́ yẹn, páálí mẹ́ta á di ohun tí a fi ń gbé ife. Ẹ fún wọn ní ibi, ènìyàn, ọ̀nà, ìròyìn. Ẹ̀dínwó náà ní ewu tirẹ̀. Oògùn ìwòsàn jẹ́ owó wúrà 50 nínú òfin eré, ó sì ń dá 2d4+2 padà nínú okun ara ẹ̀dá-ìtàn (àròpọ̀ dáìsì ojú mẹ́rin méjì, kí a fi 2 kún un), 7 ní ìpíndọ́gba. Tí àwọn ahunṣọ bá lè gbà á ní 25, eléré kan á ra ogún, á tà á ní 45 ní ìlú kejì, ẹ ó sì lo ìyókù alẹ́ lórí ìṣirò èrè. Ìgò kan lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan kò ní irú wàhálà yẹn.

Nínú ìwé eléré ti 2014, ẹ̀dá-ìtàn tó jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń san owó wúrà 5 lóṣù. Ẹ sọ ọ́ di ipò 1 pẹ̀lú iyì 2 nínú ẹgbẹ́ tó bá a mu, kí ẹ sì fagi lé owó oṣù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà nínú ju ẹgbẹ́ méjì lọ.

Awo

Ẹgbẹ́ àṣírí ń fa ìṣòro tí kì í ṣe ti òfin: adarí eré àti eléré kan á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní igun yàrá, àwọn yòókù á sú. Ọ̀nà tí a fara mọ́ ni kí gbogbo eléré mọ̀, kí ẹ̀dá-ìtàn wọn má mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àṣírí tòótọ́ lè lo ìwé pélébé, méjì péré ní ìjókòó kan. Àwọn awo àti ẹbọra gidi wà ní ìlú wa, ẹ má kó orúkọ tàbí ìṣe wọn wọ inú páálí. Ẹ dá tiyín sílẹ̀.

Ìjáde, ikú, àti tábìlì tó yàtọ̀

Ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ipò 1 kò jẹ nǹkan kan. Láti ipò 2, iyì rẹ̀ di −2, láti ipò 3, −4, ohun tó bá sì wà lábẹ́ òdo túmọ̀ sí pé páálí wọn ṣì wà nínú ìdìpọ̀. Nígbà tó bá pè, kì í ṣe iṣẹ́ ni wọ́n ń rán an, òun ni wọ́n ń wá. Ìpè bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá là já ń gbé iyì sókè pẹ̀lú 1, títí yóò fi dé 0. Bí onígbọ̀wọ́ rẹ̀ bá sìn ín jáde ní gbangba, 0 ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ̀dá-ìtàn bá kú, tuntun tí eléré náà bá mú wá lè jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ kan náà rán wá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ipò 1 pẹ̀lú ìdajì iyì olóògbé, kò gbọdọ̀ ju 5. Àga olóògbé, bí ó bá ní, kò kàn án.

Tábìlì tí gbogbo eléré bá fẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo: iyì kan fún gbogbo wọn, ẹ sọ nọ́ńbà di ìlọ́po méjì, 4, 12, 24, kí ìdìpọ̀ sì ní páálí wọn kan àti ti ọ̀tá kan. Níbẹ̀, 6 á túmọ̀ sí pé ọ̀tá náà ti dé ibi ìpè ṣáájú wọn. Fún eléré mẹ́fà, ẹ fi òfin sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé páálí kọ̀ọ̀kan ní ọmọ méjì ó kéré tán, kí ẹnìkan má bàa dá jẹ́ ìpè.